Oúnjẹ Ọ̀sán Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ìpotì Láyé Ìjọ́hun

Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa, èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́ olórí rẹ̀, tí Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún ọmọ olówó àti ọmọ òtòṣì, tí ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn mọ́. Èmi náà wà nínú àwọn ọmọ tí ilẹ̀kùn náà ṣí fún. Ní Ìpotì-Èkìtì tí a bí mi sí, ní ẹkùn Ìjerò, ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ kòkó àti obì, ọ̀pọ̀ agboolé ni kò tíì rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé-ìwé rí kí ó tó di ọdún náà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìwé, bí kò ṣe pé owó tí ilé-ìwé ń gbà ju ohun tí àgbẹ̀ oníṣu lè yọ sílẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó bá ti san owó-orí tán.

Kò rọrùn fún àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀. Owó tí wọ́n bù lé àwọn àgbà lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera mú kí ìlú púpọ̀ fárígá, àwọn tí ó tako ètò náà sì ń kéde kiri pé ṣe ni ìjọba fẹ́ gba ọmọ lóko kí ebi lè pa baba wọn nílé. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ sì dé ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó gba ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ tí ń ṣèjọba sì gba ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọn kò yí padà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò tó 500,000 ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954 ti lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tí yóò ka ìwé yìí lè mọ̀ pé èmi kò ní ẹ̀sùn kankan lòdì sí ètò ńlá náà, nítorí òun ni ó sọ mí di ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ rántí níhìn-ín ni ohun kan tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìjọba ti bá wa san owó ilé-ìwé tán, ohun náà sì ni oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹni tí kò bá gbé oko rí lè má tètè mọ ibi tí mo ń lọ. Kí ilé-ìwé tó dé, ebi ọ̀sán kì í ṣe ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, bàbá a dá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ọmọ a wa iṣu, a sun ún, a fi ọ̀bẹ ha èédú ara rẹ̀ kúrò, a fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́, a sì mu omi odò lé e. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àgbàdo, a yan àgbàdo. Bí nǹkan bá sì wọ́n, ìbẹ́pẹ wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, kókò wà. Oko kì í béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó bọ́ ọ. Ìgbà tí a kó wa kúrò lóko lọ sí ilé-ìwé ni a kó wa dé ibi tí ó jẹ́ pé owó ni a fi ń jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa kì í fojú kan owó gidi àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán. Bí ó ti di pé àwọn ọmọ tí a torí wọn dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ gan-an ni ebi ọ̀sán ń pa ní ilé-ìwé nìyẹn, àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo rí ọmọ tí ó dorí kodò lórí Aláwíyé, ìwé J. F. Ọdúnjọ tí gbogbo wa fi kọ́ Yorùbá kíkà, tí tíṣà sì fi pàṣán jí i dìde pé ọ̀lẹ ni, tí ó sì jẹ́ pé láti àná òwúrọ̀ ni ọmọ náà ti jẹun gbẹ̀yìn.

Ìgbà tí ó le jù ni àkókò tí iṣu àtijọ́ ti tán tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, láti ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ títí di oṣù Agẹmọ. Àwa Èkìtì, ọmọ ọba mẹ́rìndínlógún, àwa tí a máa ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú, a ti rí àkókò tí agboolé tí ó bá rí ẹ̀kọ mu ní òwúrọ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí ọmọ tí ó bá sì rí gúgúrú dì sí àpò ṣòkòtò lọ sí ilé-ìwé di ọmọ ọlọ́lá lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lábẹ́ igi odán tí ó wà lẹ́bàá ilé-ìwé wa ni àwọn olóúnjẹ ń pàtẹ sí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Ìyá Ọlọ́ọ̀lẹ̀, tí àwa ọmọ kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ni yóò ti rẹ ẹ̀wà rẹ̀ sómi. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti bó o, tí yóò ti da eèpo rẹ̀ nù pẹ̀lú omi títí tí ẹ̀wà yóò fi funfun, lẹ́yìn èyí ni yóò wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ òkúta pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí ó ní ọ̀ọ̀lẹ̀ tí a lọ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń ha ọmọdé lọ́fun. Kì í bu omi lé e kí ó lè pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣahun epo. Ewé eéran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni ó fi ń pọ́n ọn, tí ó sì ń ká ìdí rẹ̀ lọ́nà tí kò fi lè jò. Bí ọmọ bá sì tú u, ojú ọ̀ọ̀lẹ̀ a máa dán, a pọ́n fòò, gbogbo iṣan ara ewé a hàn lára rẹ̀ kedere, ooru a sì máa rú jáde láti inú rẹ̀ kan ọmọ náà nímú. Ọ̀ọ̀lẹ̀ kan àti ẹ̀kọ kan ni ó ń tà fún ọmọ kan. Èyí tí ó sì ń gbé fún ọkọ rẹ̀ nílé kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń gbé wá fún wa. Nínú ìkòkò kan náà ni ó ti ń yọ ọ́.

Ibi tí ọgbọ́n obìnrin náà wà ni bí ó ti ń gba owó. Igbá ọlọ́mọrí kan ni ó máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ti lu ọmọrí rẹ̀ ní ihò tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀, ó sì ti tẹ́ àkísà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí owó tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ má baà ró. Bí ó bá ti kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà, ọmọ náà a kí i, a ti ọwọ́ bọ inú igbá, a fa ọwọ́ yọ, a sì gba oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí ó ní kọ́bọ̀ á sọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò ní, òun náà á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò mọ èyí tí ẹni tí ó wà níwájú ṣe, ẹni tí ó wà níwájú kò sì bojú wẹ̀yìn. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí wà nínú àwọn tí ń ti ọwọ́ òfìfo bọ igbá náà. Yèyé mi ni ó kọ́ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé, “Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o na ọwọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ ti ń nà án. Má sunkún, má sì ṣe àlàyé kankan fún wọn. Àwa àgbà ti sọ ọ́.” Mo ṣe bí ó ti wí. Ìyá Ọlọ́ọ̀lẹ̀ kò wo ojú mi jù bí ó ti wo ojú ọmọ tí ó wà níwájú mi lọ, ọ̀ọ̀lẹ̀ tí ó fún mi kò sì kéré sí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀, nígbà tí èmi náà ti di tíṣà, tí ìyá náà sì ti dàgbà tí ó ti fi títà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó mú mi lọ sí ilé ìdáná rẹ̀, ó fi èédú ara ògiri hàn mí, ìlà lẹ́yìn ìlà, àwọn kan ti parẹ́, àwọn kan ṣì dúdú. Bí ó bá ti padà délé lójoojúmọ́, a ka iye ọ̀ọ̀lẹ̀ tí ó gbé jáde, a ka kọ́bọ̀ tí ó wà nínú igbá, iye tí ó bá sì dín ni ó ń fi èédú fa sí ara ògiri. Orúkọ kankan kò sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ mọ̀. Ní òpin oṣù, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, a wá ka ìlà náà pẹ̀lú rẹ̀, a yọ nínú owó oṣù tirẹ̀, ìjọ a sì yọ nínú iṣu àti àgbàdo ọjọ́ ìkórè, wọn a ní iṣẹ́ Olúwa ni. Àwọn òbí tí kò ní owó pẹ̀lú kò sì káwọ́ gbera: ẹni tí oko rẹ̀ wà létí odò ń já ewé eéran wá, ẹlòmíràn ń ṣẹ́ igi ìdáná, yèyé mi sì máa ń lọ bá a lọ ẹ̀wà ní ìdájí ọjọ́ ọjà. Nítorí náà, bí a bá wò ó dáadáa, kò sí ọmọ kan tí ó jẹ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Àwọn baba wa máa ń wí pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi odán yẹn, ẹnu jẹ, ojú kò sì rí ohun tí yóò torí rẹ̀ tì.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú dé. Ní ayé ìgbà náà, lẹ́yìn ogun Hitler, mílíìkì àti ọkà pọ̀ lápọ̀jù ní àwọn ilẹ̀ òyìnbó kan. Ní ọdún 1954 ni Amẹ́ríkà pàápàá ṣe òfin tí ó fún un láyè láti máa fi irè oko tí ó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ sì ń ti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹgbẹ́ aláàánú dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Áfíríkà. Ọkàn rere ni ó rán an wá, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a máa ń mu mílíìkì. Àwa kì í ṣe darandaran. Bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ilẹ̀ Èkìtì, ó parí sí ẹ̀kọ àti iṣu, ìmọ̀ ìṣègùn sì ti fi hàn lónìí pé ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ilẹ̀ wa kì í lè da mílíìkì mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Omi kànga ni wọ́n fi pò ó, kò hó dáadáa, ó ní kókó nínú, òórùn rẹ̀ sì ṣàjèjì. Àwọn ọmọ tí ó mu ún ń fi ọwọ́ di inú mú lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé kí a tó ṣẹ́wọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni ó burú níbẹ̀. Àwọn tí ń pín in ní kò ní kárí gbogbo ọmọ, nítorí náà kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ aláìní sílẹ̀. Akọ̀wé kan ni wọ́n rán wá láti kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Ọlọ́ọ̀lẹ̀ pé òun ni yóò mọ àwọn tí kì í sanwó, ìyá náà sì dá a lóhùn pé gbogbo ọmọ ni ó ń ti ọwọ́ bọ igbá òun. Ni akọ̀wé bá ń yí ìlú ká, ó ń wo òrùlé. Ilé ewé, ó kọ orúkọ. Ilé páánù, ó kọjá. Ilé wa jẹ́ ilé páánù, èyí tí bàbá bàbá mi kọ́ nígbà tí kòkó rẹ̀ ṣì ń so, nítorí náà orúkọ tèmi kò wọ ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi tí ń pa wá lábẹ́ páánù náà kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí pín in, wọ́n tò wá sójú pápá. Akọ̀wé wẹ ọ̀fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ: “Lágbájá, ọmọ Lágbájá, jáde síwájú.” Orúkọ baba ẹni, tí ìyá fi ń ki ọmọ ní àárọ̀ tí orí rẹ̀ fi ń wú, ni ó ń kà síta bí adájọ́ ti í ka orúkọ ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń jókòó lórí àga gbọọrọ kan náà, tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Ẹlẹ́mu ni bàbá rẹ̀. Ó já láti orí ọ̀pẹ ní ọdún tí ó ṣáájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, láti ìgbà náà ni kò ti lè gun igi mọ́. Gbogbo Ìpotì ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú wa, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a kà sétí gbogbo ènìyàn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti bàbá rẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Nígbà tí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni ó jáde lórí ìlà, ṣùgbọ́n kò kọrí sí ibi tí agbada mílíìkì wà. Ó gba ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó bọ́ sí ọ̀nà oko, a kò sì rí i ní ilé-ìwé mọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Ìyá Ọlọ́ọ̀lẹ̀ bá a lọ. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, nítorí mo mọ ọ̀nà ilé wọn, mo sì gbọ́ èsì tí ẹlẹ́mu náà fún wọn láti orí ẹní tí ó jókòó sí: “Tíṣà, ẹ ṣeun, ìyá, ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ mi ni ó kán, ojú mi kò fọ́. Mo rí ojú ọmọ mi nígbà tí ó wọlé.” Ọ̀rọ̀ kò kọjá bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, mílíìkì tán, akọ̀wé kò wá mọ́, àwọn ọmọ tí a pè jáde sì ti gba orúkọ ẹ̀sín tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi pè wọ́n títí wọ́n fi jáde ní ìwé mẹ́fà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà èwe títí di ìgbà ogbó, ibi tí mo sì fẹnu ọ̀rọ̀ tì sí ni pé ìwé orúkọ yẹn ṣe wá ní ibi tí mílíìkì, ì báà dára tàbí kí ó burú, kò lè tún ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn di bíríkìlà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Nígbà tí ó mú ọmọ rẹ̀ àkọ́bí wá sí kíláàsì tí mo ń kọ́, lẹ́yìn tí a ti di ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1976, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọmọ mi wọ ìwé kankan ní ilé-ìwé yìí bí kò ṣe rẹ́jísítà.” A kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa méjèèjì mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ìjọba Olóyè Michael Adékúnlé Ajásìn, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, wọlé ní ọdún 1979, tí ẹ̀kọ́ sì di ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé gíga, gbogbo ọmọ ni ó kan, a kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀; inú bíríkìlà yẹn sì dùn sí i.

Ní ọdún 2014 mo lọ kí ọmọbìnrin mi ní Peckham, ní ìhà gúúsù London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kò fi wọ́n lójú pópó. Mo bá a pé ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, ti ń fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 2011, láìbi òbí kankan léèrè iye tí ó ń gbà lóṣù. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1906 ni Ìlú Ọba kọ́kọ́ ṣe òfin tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti bọ́ ọmọ ilé-ìwé, ní ọdún 1944 sì ni òfin sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún wọn láti pèsè oúnjẹ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ tí ń jẹ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé kan, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tí ń sanwó, ìtìjú sì mú kí ọ̀pọ̀ òbí má ṣe béèrè ohun tí ó tọ́ sí ọmọ wọn. Àwọn ọmọ wa tí ìwé ìgbélùú òbí wọn kò tíì pé kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò náà rárá. Ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó nawọ́ oúnjẹ ọ̀fẹ́ sí wọn fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2022. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tí ilé-ìwé tún wà ní títì pa, ìyá kan níbẹ̀ ya àwòrán ohun tí ilé-iṣẹ́ kan kó fún un láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́: búrẹ́dì kan, ọ̀dùnkún méjì, kárọ́ọ̀tì méjì, agolo ẹ̀wà kan àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn. Gbogbo ìlú bínú, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ìjọba sì padà sí ìwé ìrajà tí òbí lè fi ra ohun tí ó mọ̀ pé ọmọ òun ń jẹ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi ní Ìpotì, mo wò ó pẹ́. Ilẹ̀ tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti ń ṣe é láti ọdún 1906!

Nílé níbí, àwọn aládùúgbò wa ní Ọ̀ṣun ni mo kọ́kọ́ rí tí wọ́n fi ọwọ́ gidi mú un. Ní ọdún 2012, lábẹ́ Gómìnà Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n gba obìnrin alásè tí ó lé ní 3,000, wọ́n fún wọn ní aṣọ iṣẹ́ àti ohun ìdáná, wọ́n sì ṣe ètò oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: iṣu àti ọbẹ̀ ẹja, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹyin, èso, títí kan àsáró kókò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ti gbàgbé. Gbogbo ọmọ tí ó wà ní àwọn kíláàsì tí ètò náà kàn ni ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, èyí náà kò ya ọmọ kan sọ́tọ̀, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n 70 náírà ni wọ́n yàn fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́, iye náà kò sì yẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ọjà ń gòkè, títí wọ́n fi gbé e dé 100 náírà. Kí ọdún 2023 tó parí, ẹyin kan ṣoṣo ti ju 70 náírà lọ. Inú owó yìí ni alásè yóò ti ra ẹ̀wà, epo, ata àti igi ìdáná, tí yóò sì yọ èrè tirẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá wá di omi, tí ẹran sì kéré débi pé ọmọ ń wá a kiri inú abọ́, ta ni a ó dá lẹ́bi? Mi ò lè dá alásè lẹ́bi. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn, nítorí ẹ̀sùn owó tí a ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Kí a wádìí olè, ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kejì ní oṣù náà kò jí owó ẹnikẹ́ni, òun ni oúnjẹ sì kọ́kọ́ wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìpotì nílé lóko, ẹ̀yin ọmọ Ìjerò, Arámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì tí ẹ ń wálé ní ọdún Kérésìmesì láti wá ṣí géètì tuntun tàbí láti kùn ògiri ilé-ìwé tí ẹ ti jáde, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tún gbé orúkọ yín sí ara ògiri, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ ní ọ̀sán. Ẹ má dúró de Abújá. Ẹ san owó fún àwọn obìnrin tí ó mọ oúnjẹ sè ní àdúgbò kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀wà lè tó, kí epo lè tó. Kí ẹ̀yin fúnra yín jókòó jẹ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, bí ẹ kò bá sì lè jẹ ẹ́ tán, kí ẹ wádìí ohun tí ó fà á. Kí ó kárí gbogbo ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì, bí owó kò bá sì tó fún ilé-ìwé mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìwé wá pé òun fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ aláìní, ẹ bá wa lé e padà. Àwọn tí ó mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ sè ṣì wà ní Ìpotì, ẹ̀wà wà lọ́jà, ewé eéran kò sì tíì tán létí odò. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ó kù, ọwọ́ yín ni ó sì wà.